Ìrántí ọdún kan Màmá wa ń bọ̀: báwo ni mo ṣe lè kọ ìtàn ayé wọn?

Ọmọ Aláró
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́rin ló kù kí ó pé ọdún kan tí Màmá wa papòdà. Àwa márùn-ún ni wọ́n bí, èmi ni ìkẹrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí àti gbọ̀ngàn àsè, n kò sì bá wọn jà sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n kọ ìtàn ayé Màmá sínú ìwé pélébé tí a máa pín fún àlejò, torí pé èmi ni mo kàwé jù.

Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bírò, n kò rí ju ìlà mẹ́fà kọ. A bí wọn ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ aró. Wọ́n fẹ́ bàbá wa. Wọ́n bí ọmọ márùn-ún. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Wọ́n kú. Ẹkún ni mo bú sí. Obìnrin tó fi owó aró rán mi lọ sí yunifásítì, ìlà mẹ́fà péré ni mo mọ̀ nípa wọn!

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí: àpótí àdìrẹ kan, fọ́tò 17, fóònù wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tàn láti ọjọ́ ìsìnkú, àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó ṣì wà láàyè ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, àgbàlagbà gidi. A ò mọ ọdún tí wọ́n bí Màmá. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí wọn sọ pé 1950, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, obìnrin kan dúró lápá òsì, ó di Màmá lọ́wọ́ mú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ní Ìtòkú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi àpótí sílẹ̀, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀, wọn ò ní lọ síbì kankan. Àbúrò ìyá mi ló mọ gbogbo bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi dàgbà. Mo ní tí Àjíǹde bá kọjá n óò lọ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí Àjíǹde fi kọjá, òkú wọn ni mo lọ sin. Títí di òní, n kò mọ ìdí tí ìyá mi kì í fi í jẹ ẹja àrọ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ẹ má sọ pé "ẹ sọ ìtàn Màmá wa fún mi." "Ènìyàn dáadáa ni" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, wọ́n á sì dákẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ohun kékeré. Ta ló kọ́ ẹ̀yin méjèèjì níṣẹ́? Kí lẹ máa ń rà jẹ lọ́jà láàárọ̀? Ta lẹ máa ń sá fún tó bá wá gba owó àjọ? Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ara wọn tó rẹ̀ wọ́n. Ẹ mú aṣọ kan dání nínú àpótí yẹn, kí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ ọdún ìbí yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àwọn òbí wa kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìwé ìbúra yẹn, nítorí iṣẹ́ ìjọba tàbí ìwé ìrìnnà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é, ọdún tó bá rọrùn ni wọ́n ń fi síbẹ̀.

Kí ni Màmá máa ń sọ nípa ìgbà èwe wọn? Kí ni ìyá wọn máa ń sọ? Má wulẹ̀ wá ọjọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni kí o wá.

Ọmọ Aláró
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ohun méjì ni mo rántí. Ìyá àgbà máa ń sọ pé àwọn pọn Màmá lọ sí ààfin Aláké nígbà tí àwọn obìnrin lọ jà lórí owó orí. Màmá fúnra wọn sì máa ń yangàn pé àwọn wà lára ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, pé tíṣà ní kí àwọn fi ọwọ́ gba orí kọjá kan etí, àwọn sì kàn án.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, o ti ní ọjọ́ lọ́wọ́, o kàn ń pè é ní ìtàn ni.

Ìjà owó orí obìnrin tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú ní Abẹ́òkúta, 1947 sí 1948 ló gbóná jù. Ní oṣù Kìíní 1949 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n lọ síbẹ̀ kò lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní 1950. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí nígbà náà ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà sókè. Ìyá àgbà rẹ kò purọ́, ẹ̀gbọ́n wọn náà kò purọ́. Ìwé ìbúra ló ṣìnà.

Kí o lè sún mọ́ ọn sí i, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o mú lọ sí Ìtòkú: ṣé wọ́n ti bí Màmá nígbà tí òòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan? Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 1947 nìyẹn. Àwọn àgbà kò gbàgbé rẹ̀.

Fún ìyókù ayé wọn, wo bí o ṣe lè so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣé wọ́n ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí a gba òmìnira ní 1960? Ṣé ìgbà Wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn yẹn, ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, tàbí ìgbà ogun abẹ́lé, láàárín 1967 sí 1970? Ta ni wọ́n gbé lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní oṣù Kẹrin 1972? Owó pọ́n-ùn ni wọ́n ń ta aṣọ àkọ́kọ́ ni, àbí náírà ti dé ní 1973? Tí o bá béèrè báyìí, wàá rí i pé àgbàlagbà kan lè tò ogójì ọdún fún ọ láìsọ nọ́ńbà kankan.

Ayàwòrán Mọ̀kọ́lá
Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti fóònù, torí òun ló ń kán mi lójú. Ẹ tàn án, ẹ fi sí iná, ṣùgbọ́n ẹ má yọ WhatsApp kúrò lórí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé gbé e. WhatsApp máa ń pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún 120 ọjọ́ rẹ́. Ti Màmá ti lè lọ. Àmọ́ ohun tó wà lórí fóònù fúnra rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ kò bá yọ ọ́. Tó bá jẹ́ Android, ẹ lọ sí ibi tí fáìlì wà, ẹ wá fódà tí wọ́n pè ní WhatsApp Voice Notes. Gbogbo ohùn wà níbẹ̀. Ẹ kó o pátá sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún kó o sórí fláàṣì kan tó máa wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ tún wo fóònù tiyín àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín, torí ohùn tí Màmá fi ránṣẹ́ sí yín, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Síìmù wọn náà, ẹ má jẹ́ kó kú. Tó bá pẹ́ láìlò, wọ́n á gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, ẹ wá pe Màmá lọ́jọ́ kan kí àjèjì gbé e.

Ti fọ́tò: ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí oòrùn má tàn sí i tààrà, ẹ pa iná fóònù, kí fóònù sì dọ́gba pẹ̀lú fọ́tò. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣí i o! Ojú ènìyàn ló máa bó kúrò. Ẹ yà á bó ṣe wà nínú gíláàsì. Kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn, ẹ rọra kọ ọ́. Bírò máa ń yọ sí iwájú. Nínú iṣẹ́ mi, ohun tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n gbé fọ́tò àádọ́ta ọdún wá, kí n bi wọ́n pé ta nìyí, kí wọ́n máa wo ara wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ gbọ́ ohun tí Ayàwòrán sọ yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko, àràárọ̀ Sunday. Wọ́n á kì mí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wá sọ ẹni tó kú ládùúgbò. Fóònù mi bàjẹ́, mo gbé e fún ẹnì kan tó ń tún un ṣe, ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹyọ kan ló kù, èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Wọ́n ń kìlọ̀ fún mi níbẹ̀ pé kí n má gbàgbé láti wọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ mi tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ̀ ọ́n sórí, títí kan ibi tí Màmá ti wúkọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń kó ohùn Màmá pamọ́, ẹ má ṣa èyí tó dùn nìkan. Èyí tí wọ́n ti ń bínú, èyí tí wọ́n ti ń ná ọjà, ẹ kó gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba oríkì. Kí ni oríkì Màmá? Kì í ṣe Àdùkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n sọ wọ́n nìkan, mo ń sọ ti orílẹ̀. Obìnrin kì í fi orílẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó lọ sílé ọkọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìrántí tí mo ti rí, oríkì bàbá ni wọ́n kọ fún ìyá. Ó máa ń dùn mí.

Ẹ má gbà á lórí ayélujára. Ti wa tó gbajúmọ̀ tó, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ìlà tí wọ́n ń kì nílé wa yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Ẹ lọ sí agbo ilé baba Màmá, kí ẹ béèrè ìyàwó ilé tó dàgbà jù. Àwọn ìyàwó ló mọ oríkì ilé, torí àwọn ló ń fi kí ọkọ àti ọmọ láràárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ má dá wọn dúró láti béèrè ìtumọ̀. Oríkì tí wọ́n bá já láàárín, ó máa ń ṣòro láti padà mú. Tí wọ́n bá kì í tán ni kí ẹ tó béèrè. Kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ọmọ ọmọ yín.

Ọmọ Alfa Ìwó
Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀yin jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ gba tèmi bí ẹ bá rí ìwúlò rẹ̀.

Nígbà tí ìyá tèmi kú, a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ilé ń fẹ́ kí a tún pa màlúù ní ogójì ọjọ́. Bàbá mi ní kí a dúró. Wọ́n rán wa létí ọ̀rọ̀ Ànábì pé tí ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ já, àfi nínú mẹ́ta: sàárà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tó ń ṣe àǹfààní, àti ọmọ rere tó ń tọrọ àdúrà fún un. Owó màlúù ni a fi gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ilé kéú tí ìyá mi ti ń ta ẹ̀kọ. Àwọn ọmọ kéú ń pè é ní "omi Ìyá Ẹlẹ́kọ." Wọn kò rí wọn rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà.

N kò ní kí ẹ má ṣe àsè. Ẹ kàn wò ó bóyá díẹ̀ lára owó aṣọ ẹbí lè rán ọmọ kan lọ kọ́ iṣẹ́ aró.

Ọmọ Aláró
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ti mú mi sunkún lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti kó ohùn náà. 63 ni mo bá lórí fóònù wọn, gbogbo rẹ̀ wà lórí fláàṣì méjì báyìí.

Mo ní ìbéèrè tó nira. Bàbá wa fi Màmá sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Màmá nìkan ló tọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n tí mo bá yọ ọ́, n kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìdí tí Màmá fi ń rẹ aṣọ ní aago méjì òru.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́
Ẹ yọ ọ́ o. Ìwé tí gbogbo ìjọ máa gbé lọ sílé kọ́ ni ibi tí a ti ń tú àṣírí ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Lọ́ńdọ̀nù
Èmi kò gbà, ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Ìyà tí ìyá jẹ lórí ọmọ ni a fẹ́ pa mọ́ kí ojú má baà ti bàbá?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ìwé méjì ni kí ọmọ yìí kọ. Èyí tí a ó pín fún àlejò, kó sọ pé Màmá nìkan ló tọ́ ọmọ márùn-ún láti ọdún báyìí. Òótọ́ nìyẹn, kò bú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀. Èkejì, ti ilé ni, kí o kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ láìgbàbọ̀dè, kí o tẹ ẹ̀dà márùn-ún, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Kí n tún sọ ọ̀kan. Má kọ "ìyá ni wúrà" sójú ìwé àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó wà lójú gbogbo ìwé ìrántí láti Badagry dé Ìlọrin, kò sì sọ ohunkóhun nípa ìyá tìrẹ. Aago méjì òru tí o kọ sókè yẹn, òun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Aláṣọ Ìsẹ́yìn
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ti àpótí àdìrẹ ni tèmi. Tó bá wà nínú nylon, ẹ yọ ọ́ lónìí, torí ọ̀rinrin á kó sínú rẹ̀, aṣọ á bu. Aṣọ funfun rírọ̀ ni kí ẹ fi wé e. Kí káńfọ̀ má fara kàn án. Ẹ máa ṣí i ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì yí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ padà, torí ibi tí aṣọ bá ti ká sí fún ọdún púpọ̀ ló ti máa ń gé. Ẹ má fọ̀ ọ́.

Ṣé oníko ni, èyí tí wọ́n fi okùn so kí wọ́n tó rẹ ẹ́, àbí ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí lára? Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà, ẹ wò ó dáadáa, ọwọ́ ènìyàn máa ń hàn nínú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá wo ìwé tó kọ. Tí ẹ bá rí òpó òpó bíi ti gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn, irú àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn nìyẹn.

Ọmọ Aláró
Mo ti lọ sí Ìtòkú. Mo mú obì àti búrẹ́dì dání, mo kúnlẹ̀, mo ní ọmọ Màmá báyìí ni mí. Wọ́n wò mí títí, wọn kò rántí orúkọ tí mo dá. Ọkàn mi já. Mo bá gbé aṣọ lé wọn lẹ́sẹ̀, ẹlẹ́kọ kan tó ní òpó lóòótọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ igun rẹ̀, wọ́n rí ẹyẹ kékeré kan tí mi ò rí rí láti ọjọ́ tí aṣọ náà ti wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n pariwo, "Ìyá Ó-Ku-Díẹ̀!"

Orúkọ tí gbogbo ọjà ń pe Màmá nìyẹn. Tí oníbàárà bá wá gba aṣọ, wọ́n á ní "ó ku díẹ̀, aró kò tíì mu." Wọn kì í jẹ́ kí aṣọ kúrò nínú aró kó tó dú bí wọ́n ṣe fẹ́, bó ti wù kí oníbàárà bínú tó. Ọmọ márùn-ún ni wá, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ yẹn rí nínú wa. Òun ló máa wà lójú ìwé báyìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti gbà.

Ti òòrùn, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní àwọn ti tó ọmọ tó ń ru omi nígbà náà. Adìẹ wọlé lọ sùn lọ́sàn-án, àwọn àgbà ń pariwo, Màmá sì wà lórí ẹní, wọn kò tíì lè rá. Mo ti kọ 1947 sílẹ̀, Bàbá Akọ̀wé, ẹ ṣeun púpọ̀.

N kò mú fọ́tò ìgbéyàwó dání, mo kàn ṣàpèjúwe obìnrin tó wà lápá òsì. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ó wọ gèlè tó ga, tí ó sì rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n fi aṣọ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n mú fọ́tò náà wá, kí n sì wá ní èmi nìkan.